Béékìn Sódà, Béékìn Páúdà, Yíìsì: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Mú?

"Ẹ̀gbọ́n mi, kéèkì yìí ń dà bí ọṣẹ lẹ́nu." Bí àbúrò mi obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí fóònù nìyẹn, kò tilẹ̀ rántí kí mi. Mo ní kó ya fọ́tò rẹ̀ kó fi ránṣẹ́. Kéèkì náà ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, àárín rẹ̀ sì rì wọlé bí ìgbà tí ẹnìkan fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé kí ló fi wú u. Ó ní páúdà funfun yẹn náà ni. Mo ní kó ka ohun tó wà lára agolo fún mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá ní, "Sódà ni wọ́n kọ síbẹ̀ o." Ìlànà tó ń tẹ̀ lé ní kó lo béékìn páúdà ṣíbí tíì mẹ́ta. Béékìn sódà ṣíbí tíì mẹ́ta ni òun dà sí i.

Mi ò bú u, torí èmi náà ti ṣe é rí. Nǹkan funfun méjì, orúkọ wọn jọra bí ìbejì, inú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń wà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lágbára tó èkejì lọ́nà mẹ́rin. Ọ̀kan gbé ohun tó nílò dání wá, ọ̀kan jáde nílé lọ́wọ́ òfo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń yan láàárín wọn: níbo ni ohun kíkan wà? Tí ẹ bá ti lè dáhùn rẹ̀ kí ẹ tó ṣí agolo, iṣẹ́ ti dínkù.

Gbogbo wọn, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mú wá

Ìwúkàrà ni mo máa pe gbogbo wọn lápapọ̀, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́mìí, ìbáà jẹ́ kẹ́míkà. Iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì, tí àwọn onímọ̀ ń kọ ní CO₂, sínú fúláwà tí a ti pò. Afẹ́fẹ́ yìí á fẹ̀ nínú iná, fúláwà á gbà á mọ́ra títí tí yóò fi jinná, tí kò sì ní lè wálẹ̀ mọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ nípa sódà àti páúdà: wọn kì í dá ihò tuntun sílẹ̀ nínú kéèkì. Àwọn ihò tíntìntín tí ẹ ti fọwọ́ ara yín dá sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń lu bọ́tà àti ṣúgà pọ̀ ni CO₂ máa ń wọ̀ lọ, tí á sì fẹ̀ wọ́n. Ẹni tó lu bọ́tà àti ṣúgà fún ìṣẹ́jú kan péré, tó wá ń rò pé àfikún páúdà lòun á fi dí i, ihò tó ní kò pọ̀. Àwọn díẹ̀ tó ní á fẹ̀ jù, wọ́n á rìn lọ sókè, wọ́n á bẹ́, kéèkì á sì rì. Tí kéèkì yín bá ń ki, ẹ kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ tí ẹ fi lù ú wò kí ẹ tó dá agolo lẹ́bi.

Omi náà ń bá wọn ṣiṣẹ́. Tí omi bá di ooru, àyè tó gbà tẹ́lẹ̀ á di bí ìlọ́po 1,600. Ìdí nìyí tí kéèkì tí wọ́n lu ẹyin rẹ̀ dáadáa fi lè wú láìsí ìwúkàrà kankan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, torí ohun inú agolo la wá yàn.

Béékìn sódà: alágbára tó ń wá ẹnìkejì

Sodium bicarbonate lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì, NaHCO₃. Kò sí ohun mìíràn nínú agolo rẹ̀. Álíkálì ni, òdìkejì ohun kíkan. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìwà rẹ̀, ẹ bu ṣíbí tíì kan sínú ife, kí ẹ da fínígà lé e. Á hó ṣùù, á ru dé ẹnu ife. Ẹ wá fọwọ́ kan ara ife náà: ó ti tutù. Ìpàdé sódà àti fínígà máa ń fa ooru mọ́ra ni, kì í tú u jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kíyè sí i, ó yà mí lẹ́nu gan-an, torí ohun tó ń hó lójú mi ló tutù lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Sódà gíráàmù 84 á tú CO₂ gíráàmù 44 sílẹ̀ tí ohun kíkan bá kárí rẹ̀. Ṣíbí tíì kan tó nǹkan bíi gíráàmù 5. Afẹ́fẹ́ tó ń sùn sínú ṣíbí kékeré yẹn kò ju lítà kan ààbọ̀ lọ, kò sì dín sí i púpọ̀.

Tí kò bá wá sí ohun kíkan níbẹ̀ ńkọ́? Iná nìkan náà lè tú u, ṣùgbọ́n ìdajì afẹ́fẹ́ yẹn péré lẹ máa rí. Ohun tó bá ṣẹ́ kù á di sodium carbonate, ìyẹn sódà ìfọṣọ. Àbúrò mi kò parọ́ nígbà tó pe ọṣẹ: ohun tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ló wà nínú kéèkì rẹ̀ lóòótọ́. Àwọ̀ kéèkì náà kò sì ṣẹ̀yìn sódà, torí níbi tí álíkálì bá ti pọ̀, ṣúgà àti èròjà amúaradàgbà tètè máa ń pọ́n nínú iná.

Pípọ́n yẹn kì í ṣe àléébù nígbà gbogbo o. Nínú bisikíìtì, òun gan-an la ń wá. Sódà díẹ̀ á jẹ́ kí bisikíìtì tẹ́, kó pọ́n dáadáa, kó sì ní òórùn tó ń fa ènìyàn wọlé. Tí ẹ bá fi páúdà ṣe bisikíìtì kan náà, á ga díẹ̀, á funfun díẹ̀, á sì fẹ́ẹ́ jọ kéèkì kékeré. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ibo ni ohun kíkan ti ń wá? Yógọ́ọ̀tì, wàrà tó ti kan, omi ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, oyin, ṣúgà aláwọ̀ ilẹ̀, gbogbo wọn ló ní kíkan díẹ̀ tàbí púpọ̀ nínú. Ìṣirò tó rọrùn ni pé yógọ́ọ̀tì ife kan á gba sódà ìdajì ṣíbí tíì, kó má ṣẹ́ kù. Fúláwà ife kan kò sì nílò ju ìdámẹ́rin ṣíbí tíì sódà lọ. Èyí tó bá lé e, ọ̀nà ọṣẹ ló ń lọ.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú páúdà kòkó. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni ti àdánidá, tó ṣì ní kíkan rẹ̀ lára, tí àwọ̀ rẹ̀ kò sì dúdú púpọ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n ti fi álíkálì fọ kíkan rẹ̀ kúrò, iṣẹ́ tí Coenraad van Houten ará Netherlands bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìyẹn dúdú jù, ó sì rọ̀ lẹ́nu. Tí ẹ bá rí Dutch lára agolo kòkó, irú èyí ni. Sódà tó bá pàdé ẹ̀kejì yìí kò rí ẹnìkankan bá ṣeré, béékìn páúdà ló tọ́ sí i. Mo ti rí kéèkì kòkó tó kọ̀ tí kò wú nítorí èyí nìkan, tí wọ́n ń dá fúláwà lẹ́bi.

Ohun mìíràn nípa sódà ni pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti kan omi àti ohun kíkan, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ófùnù ti gbóná kí ẹ tó pò ó, kí páànù sì ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú bọ́tà lára. Ìpè fóònù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín ìpòpọ̀ àti ófùnù, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ti lọ.

Béékìn páúdà: tọkọtaya nínú agolo kan

Sódà náà ló wà níbẹ̀. Ohun kíkan gbígbẹ wà pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni sítáàṣì àgbàdo tó dúró sáàárín, tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra kí àwọn méjèèjì má baà bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ìbéèrè wa ti ní ìdáhùn: ohun kíkan wà nínú agolo. Ẹ kò nílò yógọ́ọ̀tì tàbí fínígà.

Ọkùnrin oníkẹ́mísírì kan ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alfred Bird, ló ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1843, torí pé yíìsì kò bá ara ìyàwó rẹ̀ mu. Ní ọdún 1856, Eben Horsford, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, gba àṣẹ lórí èyí tó fi èròjà kálísíọ̀mù fọ́sífétì ṣe ohun kíkan rẹ̀, irú èròjà yẹn sì wà nínú ọ̀pọ̀ agolo títí dòní. Láàárín àwọn méjèèjì, ní 1845, Henry Jones ti Bristol ti po ìwúkàrà mọ́ fúláwà láti ilé iṣẹ́. Tí irú fúláwà tó ń dá wú yẹn bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má tún da páúdà lé e àyàfi tí ìlànà yín bá dárúkọ méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ páúdà òde òní ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kíkan méjì ló wà nínú wọn. Ọ̀kan á jí bí omi bá ti kàn án, èkejì á dúró títí ooru ófùnù yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fún ẹni tí ọmọ ń pè láti yàrá, tí ẹnu ọ̀nà ń dún, tí ẹ̀wà sì ń jóná lórí iná kejì, èyí ni mo máa ní kó lò, torí ó ń dárí ji ìdádúró. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ohun kíkan tó ń dúró de ooru yìí máa ń ní alumíníọ̀mù nínú nígbà mìíràn, àwọn kan sì máa ń tọ́ irin wò nínú kéèkì nítorí rẹ̀. Tí ẹ bá wà lára wọn, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò sí alumíníọ̀mù nínú rẹ̀, kí ẹ sì tètè gbé kéèkì sínú ófùnù.

Ní ti agbára, ìwọ̀n tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà ni pé CO₂ tí páúdà máa tú jáde kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Sódà pẹ̀lú ohun kíkan tó tó ń tú ìdá 52 jáde. Ibẹ̀ ni ìlọ́po mẹ́rin tí mo sọ lókè ti wá. Ṣíbí mẹ́ta tí àbúrò mi dà sí kéèkì dà bí ìgbà tó da páúdà ṣíbí méjìlá sí i, tí kò sì wá ohun kíkan kankan fún un. Ká ní ó mọ̀ pé sódà ló wà lọ́wọ́ òun ni, ìdámẹ́rin mẹ́ta ṣíbí tíì kan ì bá tó o, pẹ̀lú yógọ́ọ̀tì ife kan ààbọ̀ dípò wàrà.

Páúdà máa ń kú nínú agolo. Ọ̀rinrin ló ń pa á, pàápàá ṣíbí tútù tí a tì bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i, láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ẹ máa dán an wò: ìdajì ṣíbí tíì nínú omi gbígbóná díẹ̀. Tó bá hó gìrìgìrì, ó yè. Tó bá kàn ń yọ ihò kéékèèké bí ẹni tí kò fẹ́ dìde, ẹ dà á nù. Ti sódà yàtọ̀: fínígà ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe omi. Òun náà kì í tètè bàjẹ́, ó lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí agolo rẹ̀ bá dé dáadáa.

Tí ọ̀kan bá tán láàárín iṣẹ́

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn burúkú pọ̀ sí jù. Ẹ ó rí i káàkiri pé kí ẹ fi sódà ìdámẹ́rin ṣíbí tíì àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ìdajì ṣíbí tíì rọ́pò páúdà ṣíbí tíì kan. Iye sódà yẹn dára. Ti omi ọsàn ni kò pé rárá. Mo ṣírò rẹ̀: sódà ìdámẹ́rin ṣíbí tíì á gba fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó tó ṣíbí ìjẹun kan gbáko, ìyẹn ìlọ́po mẹ́fà ohun tí wọ́n sọ. Tí ẹ bá tẹ̀ lé ti wọn, kéèkì á ṣì wú, torí ooru á tú ìyókù, ṣùgbọ́n ọṣẹ díẹ̀ á kù nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á jẹ ẹ́, wọn á ní nǹkan kan ń ṣe é, wọn ò ní mọ ohun tó jẹ́.

Àrọ́pò tó mọ́ jù ni cream of tartar. Iyọ̀ kíkan ni, tó máa ń dì mọ́ inú àgbá ọtí wáìnì, tí wọ́n á ha kúrò, tí wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ló bá sódà dọ́gba. Sódà ìdámẹ́rin ṣíbí tíì àti cream of tartar ìdajì ṣíbí tíì, ẹ ti ṣe béékìn páúdà ṣíbí tíì kan fúnra yín nìyẹn. Kò ní sítáàṣì, nítorí náà ẹ má tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ó sì ń tètè jí, kò mọ ìdádúró.

Tó bá jẹ́ pé sódà ló tán tí páúdà wà, ẹ lo ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé yógọ́ọ̀tì inú ìlànà náà á wá kù láìní ẹni tó máa pa kíkan rẹ̀. Kéèkì á kan lẹ́nu, kò sì ní pọ́n tó. Ẹ lè fi wàrà lásán rọ́pò yógọ́ọ̀tì yẹn, ọ̀rọ̀ á parí.

Yíìsì: èyí tó ń mí

Yíìsì jẹ́ ẹ̀dá ẹlẹ́mìí, ìbátan olú tí à ń jẹ ni, kàn pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ rẹ̀ kan. Saccharomyces cerevisiae lorúkọ èyí tí à ń lò fún búrẹ́dì. Ní ọdún 1857 ni Louis Pasteur ará Faransé gbé iṣẹ́ jáde pé iṣẹ́ ohun ẹlẹ́mìí ni wíwú àti kíkan yìí. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń tú CO₂ àti ọtí jáde. Ọtí náà á gbẹ lọ nínú ófùnù. Kò béèrè ohun kíkan lọ́wọ́ yín, oúnjẹ àti àkókò ló ń béèrè.

Àkókò yẹn gan-an lèrè rẹ̀. Sódà àti páúdà ń fún yín ní afẹ́fẹ́, kò tán síbẹ̀ fún yíìsì: bó ṣe ń jẹun, òórùn àti adùn ń wọ inú búrẹ́dì. Fúláwà tí ẹ pò lálẹ́, tí ẹ gbé sínú fíríìjì di àárọ̀, dùn ju èyí tó wú ní wákàtí kan lọ. Òtútù kò pa yíìsì, ó kàn ń mú un lọ́ra.

Omi gbígbóná ló ń pa á. Tí omi bá ti kọjá bíi ìwọ̀n 55 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ ti se é. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, bíi 40, ló fẹ́. Ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ yín bí ẹni ń dán wàrà ọmọ wò. Tí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù, ó dára. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé yíìsì rí, mo fi aṣọ bò ó, mo jókòó tì í fún wákàtí méjì. Nígbà tí mo ṣí i, ó wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ó le gan-in bí òkúta odò.

Nínú yíìsì náà, yíyàn wà. Èyí tó tutù jọ ègé ọṣẹ rírọ̀, inú fíríìjì ló ń gbé, kì í sì í pẹ́. Èyí gbígbẹ tó ní hóró ńlá fẹ́ kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ṣúgà díẹ̀ jí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí kò bá yọ ìfófòó, ẹ má fi fúláwà ṣòfò lé e lórí. Èyí tí hóró rẹ̀ wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń pè ní instant, ẹ lè dà á sínú fúláwà tààrà. Ìyẹn ni mo máa ní kí ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe búrẹ́dì lójoojúmọ́ rà. Gíráàmù 10 instant tó bíi gíráàmù 13 gbígbẹ oníhóró ńlá, àti bíi gíráàmù 30 tútù. Ẹ má da iyọ̀ lé yíìsì lórí ní tààrà.

Kí ló dé tí a kò lè fi yíìsì ṣe gbogbo kéèkì? Ṣúgà tó pọ̀ máa ń fa omi kúrò lára rẹ̀, ebi á sì máa pa á láàárín ọ̀pọ̀ oúnjẹ. Àti pé afẹ́fẹ́ yíìsì ń jáde díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Fúláwà tí a ti pò títí tó fi ń fà bí rọ́bà ló lè dì í mú fún àkókò yẹn. Kéèkì kò fẹ́ irú fífà bẹ́ẹ̀; kéèkì tó bá ń fà bí rọ́bà, ẹ mọ orúkọ tí a máa pè é. Sódà ṣe búrẹ́dì lóòótọ́, irú búrẹ́dì kíákíá tí a kì í pò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé kó fà tàbí kó ní adùn ti yíìsì.

Ẹ wò wọ́n lójú kan

| | Béékìn sódà | Béékìn páúdà | Yíìsì |
|---|---|---|---|
| Ohun kíkan | Ẹ̀yin lẹ máa wá a | Ó wà nínú rẹ̀ | Kò nílò rẹ̀ |
| Ìwọ̀n fún fúláwà ife kan | Ìdámẹ́rin ṣíbí tíì | Ṣíbí tíì kan | Ó wà lọ́wọ́ àkókò tí ẹ ní |
| Ìdádúró | Kò gbà á | Ó gbà á díẹ̀ | Ó ń fẹ́ ẹ |
| Ohun tó bá a mu | Bisikíìtì, kéèkì yógọ́ọ̀tì | Kéèkì wàrà àti bọ́tà | Búrẹ́dì |
| Tó bá pọ̀ jù | Ọṣẹ, àwọ̀ dúdú | Ó wú, ó rì, ó korò | Òórùn ọtí |

Ìkẹrin wà tí mi ò fi sínú àtẹ, torí ibi tó wúlò kò pọ̀: ammonium bicarbonate. Gbogbo rẹ̀ ló ń di afẹ́fẹ́ nínú iná, kì í fi nǹkan kan sílẹ̀, bisikíìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ró kàkà lẹ́nu ni wọ́n ń fi í ṣe. Afẹ́fẹ́ amóníà wà lára ohun tó ń tú jáde, ilé yín á sì rùn títí bisikíìtì á fi gbẹ. Ẹ má dán an wò nínú kéèkì tó nípọn, amóníà náà kò ní rọ́nà jáde.

Iṣẹ́ ilé: sódà nìkan ni kí ẹ mú

Níbí, yíyàn kò le. Béékìn páúdà ní sítáàṣì nínú, ó wọ́n ju sódà lọ, ohun kíkan rẹ̀ sì ti pa agbára ìfọ̀ sódà inú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún kéèkì.

Ibi tí sódà ti ń tayọ ni ìkòkò tó jóná mọ́ ìdí. Omi tó bo ibi tó jóná, sódà ṣíbí ìjẹun méjì, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kó tutù. Ohun tó jóná náà á ṣí bí èèpo. Ìkòkò alumíníọ̀mù nìkan ni kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún, torí álíkálì máa ń sọ ọ́ di dúdú. Fún dígí àti ojú síńkì, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó kó ki, kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Líle rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Mohs jẹ́ bíi 2.5, dígí jẹ́ bíi 5.5, nítorí náà kò lè ha á.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń bí mi nínú. Gbogbo ènìyàn ló ń po sódà àti fínígà pọ̀ láti fọ ilé. Ó ń hó, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti pa agbára ara wọn. Omi oníyọ̀ díẹ̀ ló kù lọ́wọ́ yín. Ẹ lo sódà níbi tí ọ̀rá àti ìdọ̀tí bá wà, ẹ fi omi ṣan án, kí ẹ wá lo fínígà lọ́tọ̀ fún funfun tí omi máa ń fi sílẹ̀ lára ẹ̀rọ omi. Ihò síńkì tó dí, omi gbígbóná àti ọṣẹ ló ràn án lọ́wọ́ jù ìhó yẹn lọ. Ẹ má ṣe dé sódà àti fínígà mọ́ inú ìgò, ó lè bú. Fínígà àti bílíìṣì kò gbọ́dọ̀ pàdé rárá, afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde láàárín wọn.

Agolo sódà tí wọ́n ń ṣí sílẹ̀ nínú fíríìjì? Ó ń gba òórùn kíkan díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó kan afẹ́fẹ́ kéré. Ẹ wá ohun tó ti bàjẹ́ ní ìsàlẹ̀ fíríìjì náà jáde ná. Fífọ èso ni mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ jù: ní 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Massachusetts rí i pé rírẹ ápù sínú omi sódà fún ìṣẹ́jú 12 sí 15 yọ oògùn kòkòrò méjì tí wọ́n dánwò kúrò lára èèpo ju omi lásán lọ. Èyí tó ti wọ inú èèpo lọ kò jáde. Ní ti ẹ̀wà, sódà ń jẹ́ kó tètè rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa fítámì B1 inú rẹ̀.

Tí òróró bá gbiná nínú páànù, ẹ pa iná sítóòfù, ẹ dé e ní ìdérí. Tí iná náà bá kéré, ẹ lè da sódà tó pọ̀ lé e. Béékìn páúdà kọ́, fúláwà kọ́, omi kọ́.

Àwọn kan ń mu ún fún àyà títa. Òtítọ́ ni pé ó ń pa kíkan inú ikùn. Ṣùgbọ́n ṣíbí tíì kan ní sódíọ̀mù tó lé ní míligíráàmù 1,200, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má jẹ tó 2,000 lójúmọ́ kan. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín, aláboyún, àti ẹni tó bá ń lo oògùn, kí wọ́n bi dókítà. Ẹ má sì mu ún lórí àjẹyó, torí afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú ife yẹn náà ló máa hó nínú ikùn yín.

Àbúrò mi tún kéèkì náà ṣe lọ́jọ́ kejì, ó sì fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó wú dáadáa, ó pọ́n bó ṣe yẹ. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà ni agolo méjì tó wà lẹ́yìn kéèkì, tó ti fi máákà kọ nǹkan sí lára. Ti páúdà: "TI NÍ ỌKỌ". Ti sódà: "Ń WÁ ỌKỌ".